Ohùn Tí Àwa Méjèèjì Ń Gbọ́

Má-mira ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, òun náà sì ti gbà fún wọn. Ohun tó ń sọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi ẹ̀rọ ńlá kan ya àwòrán inú orí èèyàn, ẹ̀rọ náà kò sì fẹ́ kí ẹni tó dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ mi orí rárá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira." Ó lè sọ ọ́ nígbà ọgọ́rùn-ún lóòjọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, kò tíì lọ́kọ, ìyá rẹ̀ sì máa ń sọ pé gbogbo ọkùnrin tó yẹ kó rìn wá bá a ló ti ní kí wọ́n má mira.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, Dókítà àgbà tó jẹ́ ọ̀gá wọn gbé ìwádìí kan dé. Obìnrin ni, ọlọ́yàyà èèyàn tó máa ń wá gíláàsì ojú rẹ̀ káàkiri nígbà tó wà lórí rẹ̀. Ó fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ àwọn tó ní àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní sikisofiréníà, àìsàn tó máa ń jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́. Kí ló dé tó fi ń nira fún wọn láti pọkàn pọ̀ sórí nǹkan kan? Ogójì èèyàn tó ní àìsàn náà ló máa wá, pẹ̀lú ogójì tí kò ní in, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin láàárín ọdún méjì. Wọ́n á dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ, lẹ́tà á máa kọjá níwájú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì tẹ bọ́tìnnì kan kìkì nígbà tí wọ́n bá rí èyí tí wọ́n ní kí wọ́n máa ṣọ́. Ẹ̀rọ á máa ya ọpọlọ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Má-mira kì í rí ojú wọn. Nọ́ọ̀sì ló ń mú wọn wọlé, òun ló sì ń tẹ́ wọn sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀yìn gíláàsì nínú yàrá kejì ni Má-mira máa ń jókòó sí, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ló sì máa ń kọjú sí i. Ohùn rẹ̀ nìkan ló ń lọ bá wọn, láti inú maikirofóònù sínú ohun tí wọ́n fi bò wọ́n létí.

Ọkùnrin kẹtàdínlógún dé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Má-mira kí i, ó ní kó má mira, ó ní àwọn máa tó bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà kò dáhùn. Ó tún un sọ, kò sí ìdáhùn. Ó rò pé bóyá ẹ̀rọ ló bà jẹ́, ó ti fẹ́ dìde lọ pe nọ́ọ̀sì, kó tó gbọ́ ohùn ọkùnrin náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ojú ń tì.

"Ẹ má bínú o. Ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ ni, àbí tèmi ni?"

Ara Má-mira bù máṣọ. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi gbìmọ̀ ìwádìí yìí, àwọn ọ̀mọ̀wé jókòó yí tábìlì ká, kò sì sí ẹnì kankan nínú wọn tó rò ó pé àwọn tí ohùn ń yọ lẹ́nu làwọn tún fẹ́ ti ohùn bọ̀ létí. Ó ní òun ni, òun wà lẹ́yìn gíláàsì.

"Ó dáa. Ṣé ẹ lè máa kan nǹkan kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀? Àwọn tèmi kì í kan ilẹ̀kùn."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi èékánná kan maikirofóònù lẹ́ẹ̀mejì, kò, kò, kó tó lanu. Ó sọ ọ́ fún Dókítà, Dókítà sì ní kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Nígbà tí ọkùnrin náà tún wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tí iṣẹ́ ti ń parí lọ, tí Má-mira sọ fún un pé ó ku àwòrán kan, pé ó ti gbìyànjú, ọkùnrin náà ní, "Ẹ̀yin náà ti gbìyànjú." Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí nídìí iṣẹ́ yẹn. Ó jókòó, ó ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ ọkùnrin tí kò mọ ojú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín nìkan. Nígbà tó dìgbà kẹta, ó ti ń wo kàlẹ́ńdà kí ọjọ́ náà tó pé. Ó ní nítorí iṣẹ́ ni. Ẹ jẹ́ ká gbà fún un.

Oṣù kan lẹ́yìn ìgbà kẹta yìí ni kẹ̀kẹ́ Má-mira kó sí gọ́tà. Wọ́n júwe ẹni tó lè tún un ṣe fún un, pé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù obìnrin onírun kan, ẹni tó ń dirun fáwọn èèyàn, ló wà. Ó ti kẹ̀kẹ́ náà débẹ̀, ó bá ọkùnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, gírísì dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Táyà iwájú yìí ló wọ́."

Ọkùnrin náà kò gbójú sókè, ṣùgbọ́n sípánà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó jọ̀ọ́ kó tún un sọ. Má-mira tún un sọ. Ọkùnrin náà wá yíjú sí ilẹ̀kùn tó já sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin náà ń gbọ́ obìnrin yìí?"

"Mò ń gbọ́ ọ," lobìnrin onírun náà dáhùn láti inú ilé. "Mo tún ń rí i. Ó wọ búláòsì búlúù, táyà rẹ̀ sì ti rí bí ẹyin. Dá a lóhùn."

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà tó wo Má-mira lójú. Ó fi sípánà kan irin kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Má-mira wá mọ̀ pé ọkùnrin kẹtàdínlógún nìyẹn. Ó mọ̀ pé ó yẹ kóun yí kẹ̀kẹ́ òun padà, kóun máa lọ, torí òfin ilé iṣẹ́ wọn kò gbà kí òṣìṣẹ́ máa bá ẹni tó wà nínú ìwádìí ṣọ̀rẹ́. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó fa àpótí kan tó wà nítòsí, ó jókòó.

Oníkẹ̀kẹ́, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é, gbé táyà náà kọ́, ó ń yí i, ó ń wò ó, ó ń fún wáyà kan le, ó ń tú òmíràn díẹ̀. Ó lé ní wákàtí kan. Má-mira, tó ti kà nínú ìwé àwọn Dókítà pé ọkàn irú àwọn èèyàn yìí kì í dúró, kò mọ̀gbà tó bi í pé báwo ló ṣe ń ṣe é.

"Kì í ṣe pé mi ò lè fọkàn sí nǹkan," ni Oníkẹ̀kẹ́ wí. "Gbogbo nǹkan ni mò ń fọkàn sí. Ẹ̀rọ tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń gbẹ irun, eṣinṣin yẹn, bàtà yín tó ń dún, gbogbo wọn ló ń sọ pé àwọn ni kí n kọ́kọ́ dá lóhùn. Táyà nìkan ni kì í bá wọn du ú."

Ní oṣù yẹn, kẹ̀kẹ́ Má-mira bà jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bíréèkì rẹ̀ fà, ṣéènì rẹ̀ já, aago rẹ̀ kò dún mọ́. Ìgbà tó gbé e dé pé ìjókòó rẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, obìnrin onírun bú sẹ́rìn-ín, ó ní kó kúkú máa wá láìgbé kẹ̀kẹ́ náà dání kí wọ́n lè ráyè kọjá. Oníkẹ̀kẹ́ fi ọdún mẹ́rin ju Má-mira lọ, nítorí náà "ẹ" ni Má-mira ń pè é, títí ọkùnrin náà fi bẹ̀ ẹ́ kó yé é ṣe bẹ́ẹ̀. "Tó o bá ti pè mí ní 'ẹ', á dà bí ìgbà tá a pọ̀ níbí. A sì ti pọ̀ tó tẹ́lẹ̀." Ó sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín, Má-mira ni kò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín, kó tó rí ìpẹ̀kun ẹnu rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Àwọn méjèèjì wá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ní ọjọ́ kejì ni Má-mira lọ bá Dókítà. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Dókítà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní òun dúpẹ́ pé ó wá sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó sọ ọ́. Wọ́n mú un kúrò nínú ìwádìí náà, wọ́n gbé e lọ sí yàrá mìíràn níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán orúnkún àti ẹ̀yìn, ó sì tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní fọwọ́ kan fáìlì ọkùnrin náà láéláé. Ẹlòmíì ló ya àwòrán Oníkẹ̀kẹ́ nígbà kẹrin. Ó ní ẹni náà kan maikirofóònù dáadáa, ṣùgbọ́n kò bá òun lára mu.

Ọdún kan kọjá báyìí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò dá wọn dúró sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, Oníkẹ̀kẹ́ nu ọwọ́ rẹ̀, ó tún un nù, ó ní, "Mo fẹ́ kó o fẹ́ mi. Mo ti kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, kó lè dá mi lójú pé kì í ṣe inú orí mi nìkan ni mo ti sọ ọ́." Má-mira ní òun gbọ́ ọ. Ó ní òun gbà.

Ọ̀rọ̀ wá ku ìyá rẹ̀. Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá, ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Má-mira kò lè sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó bẹ àbúrò ìyá rẹ̀ níṣẹ́, ọkùnrin káfíńtà kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń tu Màmá lójú. Bùọ̀dá Káfíńtà lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ̀ lọ́wọ́ òfo lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kẹta, ó ní kí Má-mira tẹ̀ lé òun.

Màmá kò pariwo. Ìyẹn ló dẹ́rù ba Má-mira jù.

"Mi ò bínú sí i pé ó ń ṣàìsàn. Ta ni kì í ṣàìsàn? Mo gbọ́ pé ó mọṣẹ́, mo gbọ́ pé kì í ṣe oníjàgídíjàgan. Ohun tí mò ń bi ọ́ ni pé, lọ́jọ́ tí àìsàn yìí bá gbé ọkàn rẹ̀ lọ pátápátá, ta ló kù nínú ilé pẹ̀lú rẹ? Ìwọ nìkan. Èmi ò ní sí láyé nígbà yẹn."

Bùọ̀dá Káfíńtà ní oògùn wà, ó sì ń lò ó, ọdún mẹ́fà rèé tí wọn kò ti gbé e dé ilé ìwòsàn. Màmá gbọ́, ó sì ronú sí i.

"Ìwọ kúkú lò ń wo inú orí àwọn èèyàn," ló sọ fún ọmọ rẹ̀. "Lọ wo tirẹ̀. Bó o bá fi ẹnu ara rẹ sọ fún mi pé o wò ó, pé kò ní burú ju báyìí lọ, mo ti gbà."

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Bùọ̀dá Káfíńtà wí, "ṣé pákó ni, tí wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ikán ti wọ̀ ọ́?"

Ó yẹ kí Má-mira dáhùn níbẹ̀. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí kì í ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn àlejò tó bá wá wo ẹ̀rọ wọn, pé àwòrán ẹnì kan ṣoṣo kò lè sọ nǹkan kan, àfi tí wọ́n bá kó ti ogójì èèyàn pọ̀, tí wọ́n gbé e ti ogójì mìíràn, kí ìyàtọ̀ kékeré kan tó yọjú. Ó mọ̀ ọ́n ju orúkọ ara rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó máa ń ṣe èèyàn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹni tó fẹ́ràn ló ṣe é. Ìbẹ̀rù ìyá rẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lára, àṣé tirẹ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó ń dúró de ẹnìkejì. Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí gbogbo wọn lọ jẹun ọ̀sán, ó wọ yàrá tó ti kúrò níbẹ̀, ó jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà, ó ṣí fáìlì kẹtàdínlógún.

Ọpọlọ ni. Ó rí bí ọpọlọ gbogbo èèyàn. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó là á láàárín. Ó ka iye ìgbà tí Oníkẹ̀kẹ́ ṣi bọ́tìnnì tẹ̀, àti iye ìgbà tí lẹ́tà kọjá tí kò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n pọ̀ díẹ̀. Kí wá ni? Kò sí ibì kankan níbẹ̀ tí wọ́n kọ ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀ sí. Ó pa á dé, ó sì lọ sílé lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti wò ó, pé ọkàn òun balẹ̀, kò ní burú ju báyìí lọ.

Inú ilé dùn. Wọ́n mú ọjọ́. Obìnrin onírun ń kọrin lójúmọmọ, Bùọ̀dá Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kan tí kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Má-mira nìkan ni oúnjẹ kò wọ̀ lẹ́nu. Ó fara dà á fún ọjọ́ mọ́kànlá. Lọ́jọ́ kejìlá, Oníkẹ̀kẹ́ ń sọ fún un bí òun ṣe fẹ́ràn rẹ̀ pé kì í já lu òun, àti pé òun kì í sọ́ra lọ́dọ̀ rẹ̀. Má-mira kò lè gbà á mọ́ra mọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀.

Oníkẹ̀kẹ́ gbé sípánà rẹ̀ kalẹ̀. Ó wá bi í pé, "Kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Kí lò ń wá?"

Má-mira ṣáà ń wo táyà tó wà láàárín wọn.

"O wọlé," ni Oníkẹ̀kẹ́ wí, "o ò sì kan ilẹ̀kùn." Kò gbóhùn sókè. Ó ní kó máa lọ ná. Nígbà tí Má-mira bojú wẹ̀yìn, ó rí i tó gbé táyà kan sọ́wọ́ tí kò yí i.

Oṣù mẹ́ta ni wọn kò fi rí ara wọn. Má-mira lọ fi ẹjọ́ ara rẹ̀ sun Dókítà, wọ́n sì ní kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò bẹ̀bẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹta ń parí lọ, ó jókòó níwájú ìyá rẹ̀, ó ní irọ́ lòun pa. Ó ní àwòrán náà kò sọ nǹkan kan fóun, kò sì lè sọ ọ́ láéláé, pé bí àìsàn náà á burú, bí kò ní burú, kò sí ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́n. Ó ní òun kò mọ ohun tó ń bọ̀ o, Oníkẹ̀kẹ́ ṣì ni òun fẹ́. Ó wá sunkún bí ọmọdé, ó ní kò sì fẹ́ òun mọ́.

Màmá fi etí ìró rẹ̀ nù ún lójú.

Ohun tí Màmá ṣe lọ́jọ́ kejì, ẹnu Bùọ̀dá Káfíńtà ni Má-mira ti gbọ́ ọ. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun wọ bàtà, ó ní kí àbúrò òun mú òun lọ síbi tí ọkùnrin yẹn wà. Màmá jókòó lórí àga oníbàárà nínú ṣọ́ọ̀bù onírun, ó kọjú sí ẹ̀yìn níbi tí Oníkẹ̀kẹ́ wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ mẹ́rin márùn-ún pa pọ̀. Oníkẹ̀kẹ́ fi sùúrù bẹ̀ ẹ́, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, kí n má bàa pàdánù ìkankan." Ó gbé sípánà sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta. Káfíńtà ní òun gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n òun ń sọ bí ọkọ rẹ̀ ṣe kú, àní ohun tí kò sọ fóun tóun jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀.

Màmá fúnra rẹ̀ kò sọ púpọ̀ nígbà tó délé. Ó ní, "Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ni. Mi ò rí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi délẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí." Ó bọ́ bàtà rẹ̀. "Mi ò bi í bóyá á burú sí i. Ó ní kó o wá lọ́la."

Má-mira dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà láàárọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, síbẹ̀ ó dúró níta, ó kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dúró títí Oníkẹ̀kẹ́ fi ní kó wọlé. Oníkẹ̀kẹ́ ti rù díẹ̀. Ó fa àpótí fún un.

"Ohun tó ò ń wá nínú àwòrán yẹn," ló wí, "bi èmi."

Má-mira ronú. Ó ti ronú fún oṣù mẹ́ta, ọ̀rọ̀ tó wá sí i lẹ́nu kò sí lára gbogbo èyí tó rò. "Ṣé ẹ̀rù máa ń bà ọ́?"

"Ó máa ń bà mí."

"Ti kí ni?"

"Pé ọjọ́ kan á wà tí wàá máa bá mi sọ̀rọ̀, tí mi ò ní mọ̀ pé ìwọ ni."

Ó tó ohun tí ọkùnrin lè máa fi pa mọ́. Má-mira dì í lọ́wọ́ mú, tòun ti gírísì. Ó bi í pé kí lòun máa ṣe tọ́jọ́ yẹn bá dé.

"Má bá mi jiyàn. Má pariwo pé ìwọ ni. Pe àwọn nọ́ọ̀sì, kó o wá jókòó tì mí. Jẹ́ kó pẹ́ bó ṣe fẹ́ pẹ́."

"Mo máa jókòó," ni Má-mira wí.

Wọ́n ṣègbéyàwó nínú oṣù tó tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn díẹ̀ ni, wọn ò pariwo, obìnrin onírun ló ń yí ká yàrá tó ń sọ fún àlejò pé kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀dì Bùọ̀dá Káfíńtà tóbi débi pé wọ́n ní láti yọ férémù ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Bí tọkọtaya náà ṣe ń gbé kò yàtọ̀ sí ti àwọn ẹlòmíì, wọ́n ń jà lórí ẹni tó gbàgbé láti pa ìyẹ̀fun dé, wọ́n ń parí ìjà kó tó dọ̀sán.

Nínú oṣù kẹrìnlá lẹ́yìn ìgbéyàwó wọn ni ọjọ́ náà dé. Àwọn dókítà ti yí oògùn rẹ̀ padà lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú, Màmá sì wá kí wọn láti àná. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, Má-mira bá ọkọ rẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sí ògiri, ètè rẹ̀ ń mì. Má-mira kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, ó pè é.

Oníkẹ̀kẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì bo etí. "Ẹ̀yin náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kàn án," ló wí.

Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń mọ ara wọn yàtọ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ohùn yẹn. Gbogbo ara Má-mira fẹ́ pariwo pé èmi ni, ìyàwó rẹ ni, wo ojú mi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jáde, ó fi fóònù pe ilé ìwòsàn, wọ́n ní nọ́ọ̀sì á dé ní aago mẹ́rin, kó má fi í sílẹ̀, kó tètè pe àwọn padà bí ọkùnrin náà bá fẹ́ ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ó padà wọlé, ó gbé àga, ó jókòó sí ibi tí Oníkẹ̀kẹ́ ti lè rí i bó bá fẹ́.

Màmá yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọkọ ọmọ rẹ̀. Ó la ẹnu. Má-mira rò pé ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn, pé ìyá òun máa sọ pé ṣé mi ò sọ ọ́ fún ọ. Màmá pa ẹnu rẹ̀ dé, ó lọ gbé àga tirẹ̀ wá, ó sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án lù, mẹ́wàá lù. Oníkẹ̀kẹ́ ń bá àwọn tí wọn kò rí sọ̀rọ̀, nígbà míì ó ń bẹ̀ wọ́n, nígbà míì ó ń dá wọn lẹ́kun. Ẹ̀rù ba Má-mira, ó sì jẹ́ kó ba òun. Ó ń rò ó pé bóyá báyìí ló máa rí lọ. Ó ń rò ó pé bóyá òun ti ṣìṣe. Ó wo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀, ibi tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti tú lójú rírán, ó sì rí i pé kò sí ibòmíràn láyé tóun tún fẹ́ jókòó sí. Òun àti ìyá rẹ̀ kò sọ ọ̀rọ̀ kan, àní Màmá tí kì í lè dákẹ́ débi tí omi á fi hó.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjì ọ̀sán lù, ọwọ́ Oníkẹ̀kẹ́ kúrò létí rẹ̀. Ó wá yíjú padà, díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ó rẹ̀ ẹ́ gan-an. Ó wo Má-mira. Ó wo àga kejì.

"Ṣé kò sẹ́ni tó fún Màmá ní nǹkan jẹ ni?" ló bi wọ́n.

Omijé bọ́ lójú Màmá, kò sì nù ún.

"Láti àárọ̀ ni, ọmọ mi," ló wí. "Ebi ni ìyàwó rẹ fẹ́ fi pa mí."

Oníkẹ̀kẹ́ fọwọ́ ti èjìká Má-mira, ó dìde, ó sì lọ gbé omi kaná.